Irọ́ Àwọn Tó Ń Sọ̀kalẹ̀

Ohun tó ga jù lọ ní agbègbè wa ni afárá fíríwéè, ìyẹn títì márosẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ mi obìnrin ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni a ti ń gbé ní Wylie, ìlú kan nítòsí Dallas ní Amẹ́ríkà, mi ò sì tíì rí òkè kan níbẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa á rí òjò lókèèrè tipẹ́tipẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, torí kò sí ohun tó dí i lójú. Nígbà tí ọmọ náà kéré, tí a bá ti ń gun afárá gíga tó wà níbi tí fíríwéè méjì ti pàdé lọ́nà Dallas, á na ọrùn lẹ́yìn ọkọ̀, á pariwo pé, "Dádì, òkè!" Màá ní kì í ṣe òkè, afárá ni. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi ṣi nǹkan mọ̀.

Bí mo ṣe rí nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo ti kúrò nídìí ìwé, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kì í tàn mí jẹ. Iṣẹ́ mi ní ilé ìkẹ́rùsí kan lọ́nà Forney ni pé kí n wọn ẹrù kí wọ́n tó gbé e sọ́kọ̀, ohun tí òṣùwọ̀n bá sì sọ ni mo máa ń kọ sílẹ̀.

Abẹ́ òkè àpáta ni ìlú tí wọ́n ti bí mi wà. Orí òkè yẹn ni oko àwọn ìyá wa wà, ibẹ̀ náà ni ìjọ wa ti máa ń gbàdúrà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo bá ń tẹ̀lé ìyá mi gòkè pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi lórí, gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ ló máa ń kí wa bákan náà: "Ẹ kú ìrìn o! Ẹ ti dé tán!" A lè wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, a ti dé tán. A lè wà ní ìdajì ọ̀nà, a ti dé tán. Inú máa ń bí mi. Lọ́jọ́ kan mo sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀.

"Màámi, irọ́ ni wọ́n ń pa. A ò tíì dé ibì kankan."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Irú ọmọ wo ni mo bí yìí, tó ń wọn ọ̀rọ̀ ẹnu bí ẹni ń wọn gàrí?"

"Kí ló dé tí wọn ò lè sọ òótọ́?"

"Bí wọ́n bá sọ òótọ́ fún ọ, ṣé wàá tún gbé ẹsẹ̀? Gbé omi rẹ, jẹ́ ká máa lọ."

Mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ mi nínú ọkọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kó lè mọ̀ pé èmi ò sí lára wọn. Tí a bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, tó bá bi mí bóyá a ti fẹ́ẹ̀ dé, iye máìlì tó kù gan-an ni mo máa ń sọ fún un. Nígbà mìíràn á bú sẹ́kún.

Ọmọ náà dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Iléeṣẹ́ tó gbà á rán an lọ sí Delhi, ní ilẹ̀ Íńdíà, fún ọdún méjì. Mo ń ka ọdún méjì yẹn bí aláboyún ṣe ń ka oṣù. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé, ó pè wá. Ó ní wọ́n ní kí òun dúró fún ọdún mẹ́ta sí i, ní ipò tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òun ò sì tíì dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ò tó nǹkan, ó ní àwọn òkè ńlá kan wà ní àríwá ibẹ̀. Ó ní tẹ́ḿpìlì kan wà lára ọ̀kan nínú wọn, téńté òkè náà wà lókè tẹ́ḿpìlì ọ̀hún, òpin ọ̀sẹ̀ kan sì ti tó láti gùn ún kí èèyàn padà síbi iṣẹ́. Òun fẹ́ lọ.

Ọmọ tó ní ikọ́ fée ló ń sọ̀rọ̀ yìí o. Láti kékeré ni àyà ti máa ń há a, tí èémí rẹ̀ á máa dún bí ẹni ń súfèé, àfi tó bá fa oògùn íńhélà sẹ́nu. Mo ní, "Má tíì lọ. Mò ń bọ̀, a jọ máa lọ ni."

Mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ká sọ òótọ́, òkè nìkan kọ́ ni mo torí ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ mú un padà wá sílé. Mo ti pinnu pé nígbà tí a bá wà lórí òkè yẹn, níbi tí fóònù ẹnikẹ́ni ò ní dún, màá sọ fún un pé kó kọ̀ fún wọn.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, wọn ò sì fún un láàyè níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Ó dúró tì mí bí mo ṣe ń di ẹrù.

"Dádì, íńhélà mẹ́rin? Ṣé ẹ fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ ni?"

"Tí ọ̀kan bá sọnù ńkọ́?"

"Tí mẹ́ta bá fi sọnù, ẹ̀yin náà ti sọnù nìyẹn." Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Èmi náà fẹ́ kó máa bọ̀ o. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ fi ẹkún fà á wálé. Ọmọ tí wọ́n bá fi ẹkún fà wálé, ara rẹ̀ nìkan ló máa dé."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, alàgbà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti gbọ́.

"Bùrọ̀dá, ẹ ní ilé òrìṣà lẹ ń lọ?"

"Ọmọ mi ni mò ń lọ wò, sà."

"Kò burú. Ẹ ṣáà má bọ́ bàtà yín níbẹ̀." Mo ṣèlérí fún un.

Láti òwúrọ̀ Fúráìdé títí di ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ tí ọmọ mi háyà fi gbé wa láti Delhi. Ọ̀nà náà ń lọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, odò ń dán ní ìsàlẹ̀ jíjìn. Mi ò wo odò. Ọwọ́ dírẹ́bà ni mò ń wò. A sùn ní abúlé kan lẹ́sẹ̀ òkè, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé sì mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tò sójú ọ̀nà láti ìsàlẹ̀ títí dé tẹ́ḿpìlì. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn igi tí òdòdó pupa bò wà lápá méjèèjì. Nígbà tó yá, igi tán, ó wá ku koríko, òtútù, àti àwọn ìbaaka tí wọ́n so agogo mọ́ lọ́rùn, tí wọ́n ń gbé ẹrù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láìbojú wẹ̀yìn. Ọmọ mi ń lọ níwájú nínú kóòtù pupa rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́, kí n lè mọ bó ṣe ń mí.

"Dúró, jẹ́ kí n gbọ́ àyà rẹ."

"Dádì, ẹ̀yin lẹ ń mí bí ẹni tí ajá lé."

"Fa íńhélà yẹn lẹ́ẹ̀kan, nítorí tèmi."

"Ṣé kí n kúkú fún yín ni kí ẹ fà á?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fà á.

Kò parọ́. Èmi ni èémí ń fún. Nígbà tó ṣe, mo jókòó sórí òkúta kan, ojú mi ń ṣú, mo sì ń rò ó pé ibi tí mo máa kú sí rèé, tí ìyàwó mi á sì sọ pé òun ṣáà sọ fún mi. Ìyá àgbà kan ń bọ̀ látòkè pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń fara balẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó rí mi, ó dúró, ó na ọwọ́ sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè wọn, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

"Kí ló wí?"

Ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn. "Ó ní a ti dé tán."

Mo wo òkè. Tẹ́ḿpìlì ò tiẹ̀ tíì hàn. "Irọ́ ni."

"Mo mọ̀. Láti àárọ̀ ni gbogbo ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ ti ń sọ ọ́. Mo mọ̀ pé inú máa bí yín ni mi ò ṣe sọ fún yín."

Inú ò bí mi. Mo yíjú wo ẹ̀yìn ìyá àgbà náà bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ìyá mi kú lẹ́yìn tí a ti dé Amẹ́ríkà, nígbà tí ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, mi ò sì lè lọ sin ín. Láti ìgbà náà, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Àṣé ó wà níbí. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, mo dìde.

Tẹ́ḿpìlì náà kò tóbi. Òkúta àwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ́ ọ, agogo kéékèèké rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sì fẹ́ wọ àgbàlá rẹ̀ ló ń bọ́ bàtà. Mo dúró lẹ́yìn òde bí mo ṣe ṣèlérí. Ọmọ mi bọ́ tirẹ̀, ó wọlé lọ wòran, ó yà lẹ́yìn ògiri kan, mi ò sì rí i mọ́. Mo na ọrùn títí. Mo rántí alàgbà. Lẹ́yìn náà mo tú okùn bàtà mi. Òkúta ibẹ̀ tutù dé eegun, ó sì dà bí orí àpáta wa láàárọ̀ kùtù, torí àwa náà kì í wọ bàtà gbàdúrà níbẹ̀. Níbi tí mo dúró sí yẹn, láàárín àwọn tó ń bọ òrìṣà wọn, mo bẹ Ọlọ́run mi pé kó dá ọmọ mi padà fún mi. Ó jáde, ó rí ẹsẹ̀ mi, ó sì ní, "Mi ò ní sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì."

A sùn sí ilé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi bí a ṣe ń mu tíì tí wọ́n fi wàrà àti atalẹ̀ sè, ó sì mọ̀. "Dádì, ẹ jẹ́ ká dé téńté òkè ná."

Ṣùgbọ́n èmi ò dé téńté. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí ń fọ́ mi, orúnkún mi ọ̀tún sì ti wú. Láti tẹ́ḿpìlì lọ sókè, kò sí òkúta títò mọ́, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òjò dídì ṣì wà lára àpáta. Ọmọ mi wò mí, ó wo àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ti ń múra àtigùn.

"Ẹ jókòó síbí. Màá tẹ̀lé àwọn wọ̀nyẹn."

"Rárá" ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo kó íńhélà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, ó mú méjì, ó dá ìyókù padà sápò mi, ó ní kí n tọ́jú wọn fún ara mi. Lẹ́yìn náà kóòtù pupa yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kéré.

Mo jókòó sórí ògiri kúkúrú kan, mò ń wò ó. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ gòkè dé ọ̀dọ̀ mi. Obìnrin náà wó jókòó, ojú rẹ̀ ti funfun. Ó nawọ́ sí òkè, ó bi mí ní nǹkan kan. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mi ò dé òkè yẹn rí, mi ò mọ bó ṣe jìn tó, èmi kì í sì í sọ ìwọ̀n ohun tí mi ò wọ̀n. Mo wo ojú rẹ̀.

"Ẹ ti dé tán," mo ní, ní Yorùbá, mo sì na ọwọ́ sókè bíi ti ìyá àgbà yẹn.

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó di ìyàwó rẹ̀ mú, wọ́n dìde, wọ́n lọ. Mo ń wo ẹ̀yìn wọn, ẹnu ń ya èmi fúnra mi. Lókè téńté, nǹkan pupa kékeré kan gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mi ò lè búra pé òun ni, torí òun nìkan kọ́ ló wọ pupa lọ́jọ́ yẹn. Mo juwọ́ padà ṣá.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ dé, imú rẹ̀ ń ṣe omi, ojú rẹ̀ ń dán bíi tọmọdé. Mo gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀. Àyà rẹ̀ mọ́.

"Òkè funfun yí mi ká, Dádì, gbogbo rẹ̀ ń lọ títí. Kò sí ohun tó dí mi lójú. Ó dà bí ẹnu ọ̀nà ilé wa, àmọ́ lókè."

A jókòó. Mo ní, "Kí lo máa sọ fún wọn níbi iṣẹ́?"

Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó wá tún un sọ ní Yorùbá, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n ṣì í gbọ́. "Mo fẹ́ dúró. Àmọ́ tí ẹ bá ní kí n máa bọ̀, màá bọ̀."

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yí ìwọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹrù wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, ìka kan ni á fi tẹ etí òṣùwọ̀n, olówó ẹrù lè má rí i. Ìka mi pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà níbẹ̀. Yàrá rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ṣì ń gbá wà níbẹ̀. Ìyá tí èmi náà ò lè padà lọ sin wà níbẹ̀. Èyíkéyìí nínú wọn ì bá tó. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

"Ta ló máa máa rán ọ létí íńhélà?"

"Fóònù mi."

"Fóònù máa ń kú."

"Ẹ̀yin kì í sì í yé pè," ó ní, ó sì gbé orí lé mi léjìká.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Bàtà tó fi sílẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń nu eruku orí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ rẹ̀, ìgbà yẹn ló sì máa ń pè. Ìyàwó mi ló ń wa ọkọ̀ ní Sọ́ńdè tó kọjá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun afárá gíga yẹn ni ohùn ọmọ wa kún inú ọkọ̀ látinú fóònù. A kí ara wa tán, mo bi í bóyá ó ti fa íńhélà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá bi í ní ohun tí mo máa ń bi í.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?"

Iye oṣù tó kù yé mi ju bó ṣe yé e lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú ìrìn o, Dádì. Ẹ ti dé tán."

Èkó ni wọ́n ti tọ́ ìyàwó mi dàgbà, kò bá ẹnikẹ́ni gun òkè rí. Ó pòṣé. "Ìwọ àti bàbá ẹ! Níbo la dé?"

A ti dé orí afárá. Ilẹ̀ tẹ́ lọ níwájú wa títí, kò sí ohun tó dí mi lójú.

"Jẹ́ ká máa lọ," mo ní.