Ìtẹ̀ka Bàbá Mi

Láàárín àwọn ọdún 1960, nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé mọ́dà, èyí tí à ń lọ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, ní Igbódìgò, tíṣà wa kan tó wá láti Ìjẹ̀bú pàṣẹ pé kí olúkúlùkù wa máa ka ojú ìwé kan nínú ìwé ìtàn wa nílé lójoojúmọ́. Ẹni tí a bá kà á fún ní láti tẹ̀ka sínú ìwé náà, kó lè dá tíṣà lójú pé a kà á lóòótọ́. Ó rò pé òun gbọ́n. Kò mọ irú ọmọ tí òun ń kọ́.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, kò mọ̀wé. Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìwé náà, nítorí náà bí mo bá ka gbólóhùn kan, màá sọ ọ́ ní èdè Ìkálẹ̀ wa fún un. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Bí bàbá bá ti oko dé, á wẹ ọwọ́, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí ìyá mi fi ń yan púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, á ní, "Ọma mi, kà á." Bí mo bá parí, á fi àtàǹpàkò ra èédú, á tẹ̀ ẹ́ síwèé.

Lọ́dún yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ti bá àwọn agégẹdú lọ sí Sàpẹ́lẹ̀, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ni bàbá ń bi mí pé, "Ṣé ó ti rí ọma rẹ̀?" Mo mọ ohun tó ń bèèrè. Ọmọdé ni mí, n kì í ṣe òmùgọ̀.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ń dùn ní pápá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sọ fún un pé tíṣà ní kó tẹ̀ka sí gbogbo ojú ìwé tó kù lẹ́ẹ̀kan náà. Kò bèèrè ìdí. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan èyí tó kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún wẹ ọwọ́, ó jókòó. Mo ní ìtàn ti parí. Ó ní ṣé ó rí ọma rẹ̀? Ìkánjú ò jẹ́ kí n ronú. Mo ní, "Rárá, bàbá. Omi ti gbé ọma náà lọ." Kò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ti tíṣà, ó ní kí kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi, èmi ni mo kọ́kọ́ kàwé tán.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi padà wálé láyọ̀. Bàbá ti fi ọdún mẹ́ta ṣọ̀fọ̀ alààyè, èmi ni mo sì kó ọ̀fọ̀ náà bá a.

Ìgbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo tó tún rí ìwé náà, tí mo kà á dópin. Ọkùnrin yẹn rí ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ tèmi délé, ó bá etí bàbá tó ti di. Mo ní láti pariwo ìtàn náà kí bàbá tó gbọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí ọkùnrin náà ti pàdé ọmọ rẹ̀, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo purọ́ fún un nígbà yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo agboolé ni yóò gbọ́ ariwo náà. Ojú tì mí, mo pa ìwé náà dé.

Bàbá na ọwọ́ sí ààrò, ó fi àtàǹpàkò ra èédú, ó ní kí n gbé ìwé wá kí òun tẹ̀ka, kí tíṣà má baà nà mí.