Ohùn Tó Wá Láti Abẹ́ Pákó Ilé-Ìwé Àtijọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà hù, Deer Park ni à ń gbé, lẹ́bàá Houston níbí. Iná ilé-iṣẹ́ ìfọpo tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ kì í kú tọ̀sán tòru, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a sì máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń yínmú nítorí ẹja tí mo ń dín, ẹ ò tíì gbóòórùn nǹkan kan.

Ilé-ìwé onípákó kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa, oníyàrá kan ṣoṣo tó dúró lórí òpó kúkúrú, tí àwọn àgbẹ̀ kọ́ kí ilé-iṣẹ́ ìfọpo tó dé. Bàbá òyìnbó arúgbó kan tó kàwé níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Grandpa, ló ń tún un ṣe, kó lè di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún àdúgbò. Àwa ọmọdé a máa bá wọn fọ fèrèsé ní Sátidé. Àwòrán àwọn ọmọ ilé-ìwé ìgbà náà wà lára ògiri, kò sí ẹyọ kan tó rẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó náà ní àwọn nìkan ló kù láyé nínú gbogbo ọmọ inú àwòrán náà. Ara mi bù máṣọ.

Ohun kan wà tí ìyá mi kì í fi ṣeré nílé: "Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ yín, tẹ́ ẹ ò rí ẹni tó pè yín, ẹ má dáhùn o! Ohùn ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ni àwọn ẹni àìrí máa ń yá." Ọ̀rọ̀ àgbà sì rèé, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ìyá mi ní kí n gbé ìrẹsì àti dòdò lọ fún bàbá arúgbó náà nílé-ìwé. Ojú ọ̀run ti ṣú. Mọ́tò bàbá wà níta, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, fìlà wọn wà lórí àga, ṣùgbọ́n n kò rí wọn. Ibi tí mo ti ń gbé abọ́ sílẹ̀ ni mo ti gbọ́ orúkọ mi. Ohùn bàbá ni, ó tín-ín-rín, abẹ́ ẹsẹ̀ mi ló sì ti ń wá. Mo wo àwọn ọmọ inú àwòrán. Ohùn náà tún pè mí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ọmọ dáadáa ni mo ka ara mi sí. Ṣebí mo gbọ́ràn.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé nínú òjò ńlá.

"Ṣé o rí Grandpa?"

"Mi ò rí wọn, Daddy. Mo gbé food wọn sórí desk."

Irọ́ kọ́, àbí? Òjò náà rọ̀ mọ́jú.

Bí a ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, mọ́tò náà ṣì wà níbi tí mo ti rí i. Bàbá mi dúró, wọ́n wọlé lọ wò. Oúnjẹ ṣì kún abọ́. Bàbá arúgbó ti rá wọ abẹ́ ilé lọ tún òpó kan ṣe, igi wó lé wọn lẹ́sẹ̀, omi òjò sì ti dé àyà wọn. Wọ́n ṣì ń mí nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò ní ọsibítù kí wọ́n tó kú.

Láti ọsibítù ni bàbá mi ti mú ọ̀rọ̀ wálé. "Wọ́n ní àwọn gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ. Wọ́n ń pè ẹ́. You just ran."

Mo wo ìyá mi. Wọn kò nà mí. "Èmi ni mo kọ́ ọ," ni wọ́n wí, ni wọ́n bá bú sẹ́kún. Wọn kò sọ òfin yẹn mọ́ títí wọ́n fi kú.

Àwọn aládùúgbò ló parí ilé náà. Fìlà bàbá wà nínú àpótí oníjígí níbẹ̀. Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi: ẹni tí ẹ kò rí ní ń pè yín lórí fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ sì ń dáhùn, ẹ tún ń rẹ́rìn-ín. N kò bá yín wí. Ẹ máa dáhùn. Ọdọọdún ni mo ń lọ síbẹ̀, tí mo ń dúró sórí pákó yẹn, tí mo ń wí pé, "Ẹ̀n, sà. Mo ti dé."

Kò sí ẹni tó ń pè mí mọ́.