Ẹ̀gbo Oníwàrà Ọjọ́ Tí Òkun Dá Ọkọ Mi Dúró

Èéfín èèpo àgbọn ni mo fi ń rántí Ajah. Kí wọ́n tó la ọ̀nà ńlá kọjá níbẹ̀, kí ilẹ̀ náà tó di estate, igbó àgbọn ló gba ibẹ̀ lọ títí dé Awoyaya, èèpo rẹ̀ la sì fi ń dáná. Bí èéfín yẹn bá ti dà pọ̀ mọ́ òórùn àwọ̀n tí wọ́n sá sóòrùn, ọ̀rẹ́ mi, àní bí wọ́n di ọmọ ibẹ̀ lójú, yóò mọ̀ pé òun ti délé. Èmi nìkan ni n kò tíì délé. Ará Ṣakí ni mí, ìyàwó tuntun láàárín àwọn apẹja.

Nígbà òjò kan, ọkọ mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sójú òkun, ìjì sì jà. Ilẹ̀ ṣú, wọn ò dé. Ilẹ̀ mọ́, wọn ò dé. Ìyá ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọjú síhà òkun. "Ẹja inú omi yẹn ò ní kan ẹnu mi," ni wọ́n wí, "títí yóò fi dá ọmọ mi padà." Ìwọ náà rò ó wò: nílé apẹja, kí lèèyàn fẹ́ jẹ tí kò ní ní ẹja nínú? Ọbẹ̀ wa, ẹja ni. Ata dídín wa, edé ni. Ẹran kò sí nílé. Ìyá sì ti dàgbà. Nígbà tí oòrùn fi máa kàtàrí, wọ́n ti fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ọmọ bá tiẹ̀ dé, ó lè má bá ìyá.

Ni mo bá rántí wàrà. Obìnrin Fúlàní kan ti kiri rẹ̀ kọjá láàárọ̀, mo sì rà á torí pé ó rán mi létí ilé. Ẹ̀gbo tí mo sè lánàá, àgbàdo funfun tó ti rọ̀ múlọ́múlọ́, ṣì wà níkòkò. Mo gbé páànù kaná, mo da òróró àgbọn sí i, mo rẹ́ àlùbọ́sà àti ata sí i. Nígbà tó ta sánsán, mo da ẹ̀gbo lé e, mo rún wàrà sórí rẹ̀, mo sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ díẹ̀. Kò pẹ́ tó ẹni tó lọ pọnmi.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí mò ń pè ní Awẹ́lẹ́wà, yọjú. "Ìyàwó, ṣé ọṣẹ lo fẹ́ fi bọ́ ìyá mi ni?"

"Awẹ́lẹ́wà mi, wàrà ni. Ara màlúù ló ti wá, kò mọ òkun rí."

"Ó funfun jù. Èmi ò lè jẹ ẹ́."

"Kò tíì sẹ́ni tó bù fún yín."

Mo gbé e lọ, mo kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ bá mi tọ́ ọ wò. Kò sẹ́ja ńbẹ̀."

Wọ́n kọjú kúrò níhà òkun, wọ́n kọ ọ́ sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo ti jẹ?"

 Látàná ni n kò ti fẹnu kan nǹkan, kò sì tíì sẹ́ni tó bi mí. Lójú gbogbo ilé, ọmọ Ìyá ló wà lójú òkun. Kò sẹ́ni tó rántí pé ọkọ tèmi náà ni.

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Bí o ò bá jẹ, n ò ní jẹ."

Àwa méjèèjì jọ jẹ ẹ́ nínú páànù náà. Omijé mi kán sínú rẹ̀. Ìyá ṣe bí ẹni tí kò rí i, wọ́n kàn ní, "Iyọ̀ rẹ̀ ti tó wàyí."

Oòrùn ń rọlẹ̀ nígbà tí ariwo ayọ̀ sọ lọ́nà òkun. Ìjì ló gbá ọkọ̀ wọn lọ gúnlẹ̀ sí ibi tó jìnnà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin etí òkun padà. Ọkọ mi wọlé, ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, oúnjẹ ló kọ́kọ́ bèèrè. Ìyá dì mọ́ ọn, wọ́n nu ojú, wọ́n wá nawọ́ sí páànù. "Ẹni tó bá pẹ́ lójú omi, ìsàlẹ̀ páànù ni yóò lá." Ìsàlẹ̀ náà kò tiẹ̀ sí mọ́, Awẹ́lẹ́wà tí kì í jẹ ọṣẹ ti ha á jẹ.

Títí Ìyá fi lọ, bí nǹkan kan bá ti dùn wọ́n, wọn á ní, "Ẹ pe ọmọ mi ará Ṣakí, kó wá se ọṣẹ rẹ̀ fún mi." Mò ń dúpẹ́ títí dòní pé òkun dá ọkọ mi padà. Ṣùgbọ́n kó tó dá a padà ni ìyá rẹ̀ ti bi mí pé kí ni mo jẹ. Ìgbà yẹn ni èmi náà délé.