Pósí Tí Dromo Fi Ṣe Ìdánwò

Ní Téṣì, ìlú wa létí òkun, iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe láyé la fi ń kan pósí rẹ̀: apẹja á wọ inú ẹja onígi, awakọ̀ á wọ inú ọkọ̀ onígi. Dromo, ọmọ Sowah ọ̀gá mi, mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa kó tó lọ gba oyè kejì nínú iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì. Ó fẹ́ kí òkè òkun gbọ́ orúkọ òun.

Nígbà tí ìdánwò àṣekágbá kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wá kan pósí kan ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ṣe é bíi búrọ́ọ̀ṣì ayàwòrán, ó dán gbinrin. Ọ̀gá wọlé, ó rí i, ó dúró.

"Dromo, ayàwòrán wo ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ataa, bàbá mi. Ìdánwò ni."

"Ìwọ̀n ta lo wá lò?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tèmi ni. Ta ni kí n tún máa wá kiri?"

Ọ̀gá mú ayùn, ó gé pósí náà kúrú títí ènìyàn kankan ò fi lè nà nínú rẹ̀ mọ́, ó ní kí n kàn án pọ̀ padà. Dromo sunkún, ó bínú sí àwa méjèèjì.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yí pósí ká, wọ́n ń mi orí bí alángbá. Ọ̀kan ní kíkúrú rẹ̀ ń sọ nípa bí ayé ṣe ń fojú kéré iṣẹ́ ọnà. Irọ́ funfun báláú! Wọ́n ní kí Dromo fúnra rẹ̀ sọ ìdí tó fi kúrú.

Ó wo bàbá rẹ̀ tó jókòó pẹ̀lú mi lẹ́yìn.

"Bàbá mi ni ò fẹ́ kí n wọ inú ẹ̀."