Nígbà Tí Bàbá Ìyàwó Mi Di Aṣojú Ilé Iṣẹ́ Mi

Òórùn oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀ sí ọgbà ilé tí à ń gbé ní Fondren, ládùúgbò kan ní Houston, nígbà náà. Mi ò rí ẹni tó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi yẹn rí, ewé nìkan ló ń já bọ́ sínú rẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ajé ni ọkùnrin kan máa ń wá da oògùn sí i, òórùn náà á sì gun àtẹ̀gùn wá bá wa lókè, á dàpọ̀ mọ́ ti ata tí ìyàwó mi ń dín àti ti ìpara tí bàbá rẹ̀ fi ń ra orúnkún. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, lórí àga oníke kan, ni bàbá ìyàwó mi máa ń jókòó sí láti àárọ̀, wọ́n á máa wo omi náà bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ irú òórùn yẹn ní hòtẹ́ẹ̀lì, ojú wọn ni mo máa ń rí.

Louisiana ni mo ti dá ilé iṣẹ́ mi sílẹ̀, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibùsùn ilé ìwòsàn àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìsàn ni mò ń tún ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìyàwó mi gbé wa dé Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, mo kó irinṣẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, mo sì rò pé ìwé ilé iṣẹ́ náà ti bá mi wá nìyẹn, bí ìwé ìgbéyàwó wa ṣe bá wa wá. Iṣẹ́ kéékèèké ni mò ń gbà káàkiri, títí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní The Woodlands fi ní kí n wá máa bójú tó gbogbo ibùsùn wọn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ di sípánà mú. Obìnrin tó ń mójú tó ìwé níbẹ̀ wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Texas ò mọ ilé iṣẹ́ yín o." Ó ṣàlàyé pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan, àjèjì ni ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ó sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kó tó lè ṣòwò níbẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Èmi tí mo ti ń jẹ́ àjèjì kiri láti pápákọ̀ òfurufú, ilé iṣẹ́ mi náà tún wá di àjèjì. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìwé náà kò le bí mo ṣe rò. Louisiana kọ lẹ́tà pé ilé iṣẹ́ náà ṣì wà, pé kò rú òfin kankan. Orúkọ rẹ̀ náà, kò sẹ́lòmíràn tó ń jẹ́ ẹ ní Texas. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti béèrè aṣojú: ẹnì kan tó ń gbé ní Texas, tí wọ́n á máa bá ní àdírẹ́sì kan pàtó lásìkò iṣẹ́, tó jẹ́ pé bí ìjọba tàbí kóòtù bá ní ìwé fún ilé iṣẹ́ náà, òun ni yóò gbà á. Ìyàwó mi wà ní ilé ìwòsàn. Èmi wà lábẹ́ ibùsùn ẹlòmíràn. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wà nílé wa láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ló máa ń rán bàbá ìyàwó rẹ̀ níṣẹ́? Láti ọdún mẹ́ta tí Bàbá ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, lẹ́yìn ikú ìyá ìyàwó mi, mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé àwo, mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ da ìdọ̀tí nù, mo ti sáré gbé e lọ. Inú mi a sì máa dùn pé mò ń ṣe ojúṣe àna. Ìyàwó mi, tí kì í fọ̀rọ̀ falẹ̀, ní, "Just sọ fún Daddy, jàre. Wọn ò ní jẹ ẹ́." Mo ní kó bá mi sọ ọ́. Ó ní, "Company ta ni? Ẹnu ẹ ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ o." Ọjọ́ ń lọ. Níkẹyìn, láàárọ̀ ọjọ́ kan, nínú ọkọ̀ tí mo gbé síwájú ilé ìtajà kan, mo kọ orúkọ Bàbá síbi tí wọ́n ti béèrè aṣojú. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ tó ní kí n fọwọ́ sí i pé ẹni náà ti gbà. Mo fọwọ́ sí i. Irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo pè é ní ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà mo wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Texas gbà á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo ti ra aṣọ iṣẹ́ tuntun nígbà tí obìnrin The Woodlands pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Wọ́n ti fi ìwé àdéhùn rán ẹnì kan sí àdírẹ́sì aṣojú mi, kí aṣojú náà fọwọ́ sí i pé ó tẹ òun lọ́wọ́. Bàbá ló ṣílẹ̀kùn fún un. Wọ́n ní àwọn ló ń jẹ́ orúkọ tó wà lára ìwé náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ ilé iṣẹ́ kankan, ọ̀dọ̀ ọmọ àwọn làwọn wà, kó máa lọ ní àlàáfíà. Obìnrin náà ní bí òun ò bá rí àlàyé gidi kí ọjọ́ kejì tó parí, àwọn á wá ẹlòmíràn, òun á sì jẹ́ kí àwọn ilé ìtọ́jú yòókù mọ ìdí rẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe wakọ̀ délé. Ọ̀sán gangan ni, Bàbá sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré tó ń gbóná, mo sì jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n kọjú sí mi.

"Ọkùnrin tó mú ìwé wá láàárọ̀ yẹn ò wá lu jìbìtì nígbà náà. Òótọ́ ló ń sọ, èmi ni mo lé e." Wọ́n ní kí n dìde. "Ẹnjiníà, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Bàbá ìyàwó mi ni yín, sà. Mi ò lè rán yín níṣẹ́."

Wọ́n wo omi tó wà nísàlẹ̀. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà nílé yìí. Ẹ gbé oúnjẹ wá, ẹ gbé àwo lọ. Kò sẹ́ni tó ní, Bàbá, ẹ bá mi di èyí mú. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá sítóò ìjọba, kò sí nǹkan tó wọlé tí kò kọjá lọ́wọ́ mi. Mo ti ń rò ó pé bóyá mo ti kú, ẹ kàn ò fẹ́ kí n gbọ́ ni."

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Gbogbo àwo tí mo ti já gbà lọ́wọ́ wọn ń padà wá sí mi lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá wọ awò ojú wọn, wọ́n ní kí n gbé ìwé náà wá. Wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n tún padà sí òkè. "Office hours ni wọ́n kọ síbí. Jímọ̀ ńkọ́? Mi ò lè torí agent pa ìrun Jímọ̀ jẹ o." Mo ní ẹni tó bá wá lásìkò yẹn á padà wá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò tó fún àwọn mọ́, àwọn á fúnra àwọn béèrè.

Lọ́jọ́ kejì, kí a tó kúrò nílé, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn gbà láti jẹ́ aṣojú, wọ́n sì fọwọ́ sí i. A wá jọ gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí The Woodlands, Bàbá nínú bùbá àti ṣòkòtò funfun tí wọ́n fi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo ti to gbogbo ohun tí mo máa sọ, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n la ẹnu. Ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àtijọ́, tí wọ́n ń sọ ní sùúrù, wọ́n ní, "Madam, nílẹ̀ wa, ọkùnrin kì í rán bàbá ìyàwó rẹ̀ níṣẹ́. Ẹ̀rù mi ń ba ọmọ yìí, ló ṣe kọ orúkọ mi láì sọ fún mi. Kò dára, mo sì ti bá a wí. Mo ti mọ̀ báyìí, mo sì ti gbà. Níbo ni kí n fọwọ́ sí?"

Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Obìnrin náà wò mí, ó wo Bàbá, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá tòun náà wà nílé, tẹlifíṣọ̀n ló ń wò látàárọ̀ dalẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan. Ó na ìwé sí wọn. Bàbá ka gbogbo ojú ewé rẹ̀ pátá, a sì jókòó dè wọ́n. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ Jímọ̀, èsì tí obìnrin náà fún wọn sì tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n tó fa báírò tiwọn yọ lápò.

Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti yí padà. Bàbá gbé tábìlì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ra ìwé ńlá onílà kan, wọ́n sì ń kọ ọjọ́ àti wákàtí tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wọlé, tó fi mọ́ ìwé ìpolówó písà. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti dé fìlà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní kí wọ́n wá fi ọ̀sẹ̀ kan najú nínú ilé ńlá òun ní Sugar Land. Wọ́n ní, "Weekend ni mo lè wá. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́." Àwọn ọmọ wa, tí Yorùbá wọn ò ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ ṣé lọ, ń pè wọ́n ní Grandpa Agent, wọ́n á sì dáhùn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Èmi náà ń kọ́ bí a ṣe ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ìdí ibùsùn yìí mú," ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi sà kún un. Wọ́n dì í mú ṣinṣin, wọ́n sì ń bi mí ní orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Bàbá padà sílé nílẹ̀ wa lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ ni wọ́n sì ti dolóògbé. Ìwé tí ó yẹ kí n ti fi yọ orúkọ wọn kúrò ní Texas láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ, ojú ewé kan péré ni. Oṣù mélòó kan ni mo fi ń ṣí i, tí mo tún ń pa á dé. Mo sunkún lórí rẹ̀, mi ò tijú láti sọ ọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbowó ṣe aṣojú fún gbogbo ayé, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n ti fi iṣẹ́ aṣọ rírán sílẹ̀, àwọn àbúrò mi sì ń pè láti ilé pé kí n jẹ́ kí Màmá sinmi, kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Èmi gan-an ni ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti wá mọ̀ pé bí a bá ń bu ọlá fún àgbà tí a ò sì nílò rẹ̀ fún ohunkóhun, a ti ń tì í síta díẹ̀díẹ̀ láàárín wa nìyẹn. Mo mú ìwé náà, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, mo ní, "Màámi, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ rán yín, tí ẹ bá gbà." Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, láì fi ìkankan pa mọ́.

Wọ́n dìde jókòó dáadáa, wọ́n tún gèlè wọn wé. "Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀?"