Efo Dotse àti Sítátà Tó Gbọ́dọ̀ Sinmi

Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì kú láàárín adágún Volta, tí afẹ́fẹ́ sì ń ti ọkọ̀ lọ tààrà síbi tí àwọn kùkùté igi ti yọrí láti inú omi, Efo Dotse, mẹkáníìkì ọkọ̀ náà, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ń bó ẹ̀pà.

Senanu, atukọ̀, sáré wá bá a. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ti wà lórí ìdúró, ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú.

"Efo, ṣé ẹ ò rí ibi tí à ń lọ ni?"

"Mo rí i."

"Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ nígbà náà!"

"Mo ti yí i. Mo ka ení dé ẹ̀wá, kò jí. Sítátà tó ń jí i gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú méjì. Ó ku ìṣẹ́jú kan ààbọ̀."

Daavi Kafui, obìnrin oníṣòwò tó kó ogójì àpò gàrí sínú ọkọ̀, ké tòò. "Dotse! Ṣé sítátà ló bí ẹ ni? Àwa tá a fẹ́ kú ńkọ́?"

"Daavi, bó bá jóná, ṣé ọwọ́ yín lẹ máa fi yí ẹ́ńjìnnì? Ẹ gba ẹ̀pà."

Daavi Kafui wo kùkùté, ó wo ẹ̀pà. Ó gbà á. Ó ní bóun bá tiẹ̀ máa kú, òun ò ní kú lébi.

Àṣé ọkùnrin náà ò kàn jókòó lásán. Bó ṣe ń jẹ ẹ̀pà ló ń fi ọwọ́ kejì tọ páìpù dísẹ́ẹ̀lì lọ, títí ó fi kan nọ́ọ̀tì kan tó ti tú, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ó dè é, ó pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ náà jáde títí dísẹ́ẹ̀lì fi ń ṣàn láìhó. Nígbà tí ìṣẹ́jú méjì pé gẹ́lẹ́, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kò tíì ka ẹ̀rin tí ẹ́ńjìnnì fi bú ramúramù. Kùkùté àkọ́kọ́ ò ju ìwọ̀n ọ̀pá kan lọ sí wọn nígbà tí Senanu yí orí ọkọ̀ padà. Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́. Efo Dotse ní kí wọ́n dákẹ́ ariwo, kí wọ́n kó èèpo ẹ̀pà wọn nílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ sítátà tí kò pẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan nílé, ó ń ṣàlàyé fún ọmọ aládùúgbò:

"Ṣó o rí ẹni tó ń báni gbẹ́rù lé orí? Òun ni sítátà. Bátìrì á fún un lágbára, á yọ eyín kékeré kan síta, eyín yẹn á kọ́ kẹ̀kẹ́ ńlá eléyín tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, á yí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, iṣẹ́ rẹ̀ parí, á fà sẹ́yìn. Ẹrù tó gbé yẹn wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Bó o bá ní kó máa gbé e láìsọ̀ ọ́, wáyà inú rẹ̀ á yọ́."

Abla, ìyàwó rẹ̀, ń fọ abọ́ lọ́wọ́. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbẹ́rù nínú ilé yìí. Ta ló ń fún mi ní ìṣẹ́jú méjì?"

Láti ọjọ́ kejì, Efo Dotse ló ń ro akple, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo, lálẹ́. Akple náà kún fún kókó, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ ọ́ nínú ilé.

Ó máa ń fi omi gbígbóná fọ ohun funfun bí ẹfun tó ń yọ lórí bátìrì, ó ní bí iná ò bá dé dáadáa, sítátà ló máa fi ara rẹ̀ san án. Òjò mú wọn lọ́nà lọ́jọ́ kan, omi ń jò sínú ihò ẹ́ńjìnnì. Ó bọ́ ẹ̀wù òjò ọrùn rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún sítátà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wúkọ́. Sítátà ò wúkọ́ rárá.

Èyí tó dun Senanu jù ni ti ọjọ́ tó gbàgbé pé ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, tó tún yí kọ́kọ́rọ́. Eyín kékeré yẹn lọ gbá eyín ńlá tó ń sáré, ó han gooro. Fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, Efo Dotse ò bá a sọ̀rọ̀. Èrò ọkọ̀ ló ń rán níṣẹ́.

"Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó di ìdarí mú pé igi wà lápá òsì."

"Efo, mo ti rí igi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú mọ́, ó ti rẹ̀ mí."

"Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe èmi ló ṣẹ̀, sítátà ni."

Ni Senanu, bàbá ọlọ́mọ mẹ́fà, bá kúnlẹ̀ lójú gbogbo èrò, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ sítátà.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́. Kábọ́ọ̀nù inú sítátà nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Orúnkún Efo Dotse ló kọ́kọ́ kọṣẹ́, kò lè sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò ẹ́ńjìnnì mọ́, ló bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, láràárọ̀, á fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá sí èbúté, á dúró títí Senanu á fi yí kọ́kọ́rọ́.

"Efo, ẹ lọ sinmi nílé. Ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan."

"Ìró sítátà wúwo láàárọ̀ yìí. Lọ de wáyà bátìrì."

"Àná lẹ sọ bẹ́ẹ̀, mo ti dè é!"

"Dè é dáadáa."

Senanu á mí kanlẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀, á tún un dè. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, títí di àárọ̀ tí bàbá ò wá.

Lọ́jọ́ kẹjọ lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Senanu lọ kí Abla. Ó ní àárẹ̀ tó ń mú òun báyìí kì í ṣe ti iṣẹ́. Ó ní èbúté ti dákẹ́ jù, kò sẹ́ni tó ń bá òun wí pé ìró sítátà wúwo mọ́.

Abla wò ó tìyanutìyanu. "Sítátà wo? Ó ti lé lọ́dún méjì tí etí Dotse di pátápátá. Kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀."

"Etí rẹ̀ di? Kí ló ń wá gbọ́ láràárọ̀ nígbà náà?"

"Kò wá gbọ́ nǹkan kan. Ó ní òun fẹ́ rí ẹ kó o tó wọ omi."

Senanu rántí gbogbo ìgbà tó fi ìbínú de wáyà yẹn. Ẹ̀rín gbé e, ó rín in títí ó fi di ikùn mú. Nígbà tó yá, ó yíjú sí ògiri. Abla bu omi fún un, ó fa àpótí súnmọ́ ọn, ó jókòó tì í.