Ọjọ́ Tí A Lọ Wádìí Àna Létí Ọ̀sà

Mo rántí ìgbà tí bàbá mi, ẹni tí omi tó bá ti ju ti garawa lọ máa ń já láyà, ṣàdédé kéde pé gbogbo wa ń lọ ṣe fàájì létí ọ̀sà. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni. Ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, bàbá mi ti máa ń kúrò ní ẹ̀sítéètì wa n'Íkòròdú kí ilẹ̀ tó mọ́, torí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí ọlidé bá sì dé, oorun ló máa ń fi ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi jó yí pálọ̀ ká nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mí nígbà náà, orí tẹlifíṣọ̀n nìkan ni mo sì ti ń rí àwọn èèyàn tó ń gbafẹ́ létí omi. Mo di táwẹ́ẹ̀lì, mo di bisikíìtì, mo sì lọ yá awò dúdú lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Awò náà tóbi jù fún ojú mi, ṣùgbọ́n lọ́kàn tèmi, mo ti di ọmọ olówó.

N kò bi ara mi léèrè ìdí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tó ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ọjọ́ yìí pé kí wọ́n mú wa lọ sí irú ibẹ̀, kò fi ní bá wa lọ. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé bàbá mi ti fi ọgbọ́n bi í léèrè ọjọ́ tí yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ kó tó mú ọjọ́ ìrìn àjò wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ti mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wálé. Olùkọ́ ni, ọmọ jẹ́jẹ́ tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó jókòó. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ torí kì í wá lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n Ìlàjẹ ni, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ apẹja tí wọ́n wá láti etíkun Oǹdó, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí abúlé kan létí ọ̀sà, kọjá Ẹ̀pẹ́. Bàbá mi kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní tirẹ̀, èèyàn kì í fa ọmọ fún ilé tí kò wádìí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wèrè wà nínú ẹbí náà, bóyá olè wà níbẹ̀, bóyá wọ́n ń bára wọn jà lórí ogún. Nígbà tí kò rí ẹni rán, ó pinnu pé òun fúnra òun ni yóò lọ, kí wọ́n má sì mọ ẹni tí òun jẹ́. Àwa, tàwọn táwẹ́ẹ̀lì wa, la jẹ́ aṣọ ìbora fún un.

Ìyá mi kò fara mọ́ ọn. Ó sọ ọ́ nínú mọ́tò, ó rò pé mo ti sùn.

"Ṣé ó wá dáa ká máa yọ́ wo ilé àna bí ẹni ń jalè?"

"Kò tíì di àna," ni bàbá mi dáhùn.

A gba Ìtóìkín kọjá dé Ẹ̀pẹ́, a yà ní Ọjà Olúwo, bàbá mi sì rọra ń bi àwọn ẹlẹ́ja léèrè abúlé náà. Gbogbo wọn ní èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n sì rọ̀ ọ́ pé kó ra ẹja. Lẹ́yìn náà la wa mọ́tò wa títí ọ̀nà fi parí sínú yanrìn.

Mi ò rí ibi tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀sà ti gé ilẹ̀ jẹ wọ inú, ó sọ ọ́ di kọ̀rọ̀ kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú yanrìn funfun tirẹ̀, igi àgbọn àti igbó sì pààlà sí àárín wọn débi pé ẹni tó wà nínú ọ̀kan kò lè rí ẹni tó wà nínú èkejì. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n ní yàrá. Kò sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ síbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi la fi ń dé ibẹ̀. Ọyẹ́ ti bo ojú omi, ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Obìnrin kan ló gbé wa. Ó ti kọjá ọjọ́ orí ìyá mi díẹ̀, ó dé fìlà ọkùnrin lé gèlè rẹ̀, àpá iná ńlá kan sì wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, níbi tó ti ń yan ẹja. Abẹ́ àtíbàbà rẹ̀ la ti jẹ ẹja díndín kó tó ní kí a bọ́ sínú ọkọ̀. Bàbá mi di etí ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, ojú rẹ̀ le koko. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì fi awò dúdú bo ojú mi.

Obìnrin náà ń wo ẹnu mi ṣáá.

"Èjí yìí dára o. Ta ló fún ẹ?"

"Mọ́mì mi ni, mà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la ní in."

"Ẹ̀gbọ́n náà ńkọ́? Ṣé kò fẹ́ràn omi ni?"

"Ó fẹ́ràn ẹ̀, mà. Nọ́ọ̀sì ni, wọ́n ò jẹ́ kó ráyè n'Íkòròdú."

Ó dá àjẹ̀ dúró díẹ̀. Ó wo ìyá mi, ó wo bàbá mi, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀. Àárín yàrá kìíní àti ìkejì la wà tí bàbá mi fi tú ohun tó gbé wá sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun bèèrè." Ó wá dárúkọ ẹbí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Irú èèyàn wo ni wọ́n? Ṣé kò sí olè níbẹ̀? Ṣé kò sí wèrè?"

"Kò sí olè, sà. Kò sí wèrè. Bàbá wọn ti kú, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìyá wọn ṣì wà."

"Irú obìnrin wo ni ìyá náà?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹja lòun náà ń tà bíi tèmi. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi."

Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, mo sì ń wá ibi tí a ó ti wẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà gbé àjẹ̀ lé itan, ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa sún fúnra rẹ̀.

"Ohun kan wà, sà. Ẹ̀gbọ́n ọmọ tí ẹ ń bèèrè yẹn ní warápá. Ọkùnrin ni, ó ti dàgbà. Ibi tó ti ń wẹ̀ ni àìsàn yẹn ti gbé e, kò sí ẹni tó rí i títí ó fi kú sómi, torí inú yàrá kẹta tó wà níwájú yẹn ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ fọmọ fún wọn gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ níta."

Bàbá mi kò tíì sọ pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni. Ọ̀rẹ́ ló sọ, kò sọ ọmọ. Kò sí ẹni tó kíyè sí i nínú wa. A dé iwájú yàrá kẹta náà, yanrìn ibẹ̀ ló funfun jù, omi rẹ̀ mọ́ débi pé mo ń rí ìsàlẹ̀. N kò fẹ́ wẹ̀ mọ́. Bàbá mi ní kó dá wa padà.

Nígbà tí a fẹ́ wọ mọ́tò, obìnrin náà sáré tẹ̀ lé wa. Ó gbé ọ̀bọ̀kún yíyan ńlá kan tó fi ìwé sìmẹ́ńtì wé fún ìyá mi.

"Ẹ bá mi fún ọmọ yín tí kò ráyè wá."

Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tí bàbá mi fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ti wádìí, ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣeé ṣe, àìsàn wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

"Dádì, mo mọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti sọ fún mi tipẹ́. Ó fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún yín kó tó di mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ta ló sọ fún yín?"

"Ìyá kan tó wakọ̀ fún wa ni. Ó dé fìlà ọkùnrin, àpá iná wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Dádì, ìyá rẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí i nínú fọ́tò, òun náà sì ti rí tèmi."

Ìyá mi wo ẹja tó wà lórí tábìlì, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bó bá ṣe pé ọwọ́ òun ló wà, lọ́la gan-an lòun ì bá fa ọmọ òun lé obìnrin yẹn lọ́wọ́. Bàbá mi wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe warápá ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀rù àìsàn yẹn ti kúrò lára bàbá mi, òun fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ló ń tì í. Báwo ni yóò ṣe jókòó kojú obìnrin tó bi léèrè, lójúkojú, bóyá olè ni àwọn ọmọ rẹ̀? Ó sún ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ síwájú, ó tún sún un. Obìnrin náà gbọ́, ó sì rán ọmọ rẹ̀ sí wa pé kí bàbá má bínú, pé òun náà ì bá bèèrè bó bá jẹ́ pé òun ló bí obìnrin. Ọ̀rọ̀ ìtùnú yẹn ló tún dá kún ìtìjú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sí ilé ìwé kan lọ́nà jíjìn, ó wá dágbére fún wa, bàbá mi sì ní kí n sọ pé òun ń sùn. Bàbá mi kò sùn rárá. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà, kò sì tíì rọ̀ tán títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Òun nìkan ló jẹ ẹja náà tán, díẹ̀díẹ̀, kò fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó fẹ́ èèyàn dáadáa kan, wọ́n sì ń gbé n'Íbàdàn.

Ẹ̀yìn ìgbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì ló ní kí n wa òun lọ sí etí ọ̀sà yẹn. Kò sọ ìdí rẹ̀, n kò sì bèèrè. Obìnrin náà ti darúgbó, abẹ́ àtíbàbà kan náà la bá a. Bàbá mi dúró níwájú rẹ̀, ó ṣí fìlà rẹ̀, orí rẹ̀ tó ti pá ń dán nínú oòrùn. Obìnrin náà wò ó títí, ó wá wo èjí mi.

"Ẹ dé fìlà yín, sà," ló wí. "Oòrùn mú." Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ẹja yẹn, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ ẹ́?"

Mo ní ó jẹ ẹ́ tán. Ó mi orí, ó sì fi àga lọ bàbá mi.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wá ní, "Ó dáa. Ó pẹ́, àmọ́ ó dáa." Ó ní kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún òun, mo sì sọ ọ́, yanrìn rẹ̀, àgbọn rẹ̀, àwọn yàrá omi yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń bi mí bí ọmọdé. Ìgbà náà ni mo tó rántí pé nínú gbogbo wa, òun tí ilé ọ̀hún ì bá di tirẹ̀, òun nìkan ni kò fojú kan ibẹ̀ rí.